Ojú Tí Ìyá Àgbà Mi Ń Wá

Orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi, Yorùbá tó bá gbọ́ ọ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ìyá tó bí ìyá àgbà mi ló padà wá sáyé. Bí mo ṣe di ìyá àwọn àgbàlagbà nìyẹn kí n tó mọ̀ ọ́n rìn. Ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, a máa kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ bí inú wọn bá dùn: "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Èmi náà á gbé imú sókè, n ó sì dáhùn bí àgbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fọ́ ìkòkò, tàbí tí mo jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ nínú èlùbọ́ tí a sá, kíá ni wọ́n á gba ipò ìyá lọ́wọ́ mi, n ó sì di "ìwọ ọmọ yìí."

Inísà ni ilé wa, àmọ́ abúlé oko ni a máa ń wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láàárín ọdún, nínú ọ̀dàn tó wà lọ́nà Òkúkù. Ẹni tí kò bá gbé inú ọ̀dàn rí á ní koríko lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, koríko á ga ju bàbá mi lọ, ènìyàn lè máa gbọ́ ohùn ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má rí i. Tí ọyẹ́ bá dé, tí àwọn ọdẹ bá ti iná bọ pápá, màjàlà á máa rọ̀ sínú ọbẹ̀ wa, àárọ̀ ọjọ́ kejì ayé á kàn ṣí gbayawu. Ilé tó wà lọ́nà jíjìn á yọ. Òkè kan tí mo ti gbàgbé pátápátá á dúró síbẹ̀. Mo máa ń bi Ìyá àgbà pé níbo ni òkè náà lọ nígbà òjò. Wọ́n á ní, "Ó lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀." Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ìbéèrè ni iṣẹ́ mi nígbà náà. Mo ń bèèrè títí ìyá mi fi máa ń rán mi níṣẹ́ tí kò nídìí, kí etí wọn lè sinmi. Ìyá àgbà nìkan ni kì í lé mi. Àṣé àwọn náà ní ìbéèrè tiwọn, n kò sì mọ̀ títí di ọjọ́ tí fọ́tò wọ abúlé wa.

Àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè lókè Ọya ló wá kí wa ní àsìkò ọdún. Òmìnira kò tíì dé nígbà náà, àmọ́ gbogbo ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó mú fọ́tò ara rẹ̀ kan wá, nínú aṣọ iṣẹ́, pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ lórí. Wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, oníkálukú ń sọ tirẹ̀. Ìyá àgbà kò sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé, "Ìgbà wo ló máa parẹ́?" Àbúrò bàbá mi ní kò ní parẹ́, pé bí òun bá tiẹ̀ kú, ọmọ ọmọ òun á ṣì máa rí òun bí òun ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà dá a padà fún un.

Ọjọ́ kejì, èmi àti Ìyá àgbà jọ wà lórí àpáta níbi tí a ti ń sá èlùbọ́. Wọ́n ń yí ègé iṣu padà sí oòrùn, wọ́n sì sọ̀rọ̀ láì wò mí.

"Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí ìyá mi kú. N kò mọ ojú wọn. Bí èmi náà bá kú, tí mo dé ọ̀run, tí mo bá gbogbo èrò tó ti kú láti ìgbà ìwáṣẹ̀, báwo ni n ó ṣe dá wọn mọ̀? Ṣé ẹ̀gbẹ́ wọn ni n ó kàn gbà kọjá?"

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo ní, "Ìyá àgbà, tó bá jẹ́ pé èmi ni ìyá yín tó padà wá, ta ló wá kù lọ́run?"

Wọ́n sọ ègé iṣu kan lù mí. "Ẹnu yìí á kó bá ẹ lọ́jọ́ kan!" Àmọ́ lẹ́yìn náà wọ́n wojú mi fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń yẹ ọjà tó fẹ́ rà wò. Nǹkan ti yé wọn. Bí èmi bá ni ìyá wọn, ojú mi náà ni ojú ìyá wọn. Kí onífọ́tò yà á kí n tó dàgbà bà á jẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ jiyàn? Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó iṣu lọ sí Ìkìrun, èmi àti Ìyá àgbà bá iṣu lọ, orí rẹ̀ náà ni a jókòó sí nínú bọ́lẹ̀kájà. Ìyá àgbà gbé ẹrù aṣọ kékeré kan lé ẹsẹ̀. Kíjìpá kan ló wà nínú rẹ̀, òun nìkan ló kù nínú aṣọ ìyá wọn, olóògbé náà. Òun ni wọ́n fi pọn Ìyá àgbà fúnra wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ró o láti ìgbà náà.

Ilé onífọ́tò wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ibùdó rélùwéè. Ọkùnrin náà kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbà ni lójú mi. Ó ta aṣọ ńlá kan sára ògiri, wọ́n ya pápá sára rẹ̀: koríko tútù minimini, kúkurú, tó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ dé ẹsẹ̀ òkè, ẹṣin funfun kan sì dúró láàárín rẹ̀. Mo la ẹnu sílẹ̀. N kò rí irú pápá bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí òkúta, kò sí òkìtì ọ̀gán, kò sí igi tí iná ti jó ní ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ta ló ń gé koríko yìí?" mo bi í.

"Ìlú òyìnbó ni," ó ní.

"Ṣé wọn kì í ti iná bọ̀ ọ́ ni?"

Ó yí ojú sí Ìyá àgbà kí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ mi. Àmọ́ Ìyá àgbà náà ń wo pápá yẹn tìfura-tìfura. Wọ́n ní ìyá àwọn kò ní jókòó sínú oko tí àwọn kò mọ ẹni tó ni ín. Ọkùnrin náà ká pápá rẹ̀ kúrò, ó fi aṣọ funfun lásán rọ́pò rẹ̀.

"Ṣé ọmọ yìí ni kí n yà?"

"Kì í ṣe ọmọ," ni Ìyá àgbà wí. "Ìyá mi ni."

Ó wò mí, ó wo Ìyá àgbà. Ọmọ Yorùbá ni, ọ̀rọ̀ náà kò le fún un. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó síbí." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dáhùn bí àgbà.

Wọ́n ró kíjìpá náà fún mi, wọ́n wé gèlè fún mi títí ó fi bo etí. Wọ́n gbé ọwọ́ mi lé orúnkún, ìka nínà, bí gbogbo àgbà ṣe máa ń jókòó ya fọ́tò láyé ìgbà yẹn. Ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀, wọ́n bá ti àpótí ìjókòó kan sí i lábẹ́, wọ́n fa aṣọ bò ó. Mo ní n kò ní jókòó jẹ́ẹ́ àfi bí onífọ́tò bá jẹ́ kí n rí inú kámẹ́rà rẹ̀. Ó gbé mi sókè, ó fi aṣọ dúdú bò mí lórí. Lára gíláàsì tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ni mo ti rí Ìyá àgbà, wọ́n dorí kodò, ẹsẹ̀ wọn wà lókè, gèlè wọn kò sì já bọ́. Mo yọ orí jáde, wọ́n dúró ṣánṣán. Mo tún ki orí bọ̀ ọ́, wọ́n tún dorí kodò. Mo bi onífọ́tò pé èwo nínú méjèèjì ni òótọ́. Ó ní kí n lọ jókòó.

Àwọn ọmọ ọmọ mi lónìí ń fi fóònù ya oúnjẹ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. N kò bá wọn jà, èmi náà a máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń tẹ̀. Àmọ́ nígbà tiwa, ẹni tó ń lọ ya fọ́tò a múra bí ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ ọba, a sì jókòó bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jẹ́jọ̀ọ́. Bí mo ṣe jókòó nìyẹn. Onífọ́tò ní kí n má mira, mo kọ̀ n kò mí rárá.

Nígbà tí a padà lọ gbà á, fọ́tò náà mọ́ kedere. Ìyá kékeré kan ló jókòó síbẹ̀, ó le ojú koko. Ìyá àgbà gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Mo ń retí kí wọ́n sunkún tàbí kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n kàn ń wò ó ni. Wọ́n gbé e jìnnà sí ojú, wọ́n tún fà á súnmọ́.

"Ṣé àwọn nìyẹn?" mo bèèrè.

"N kò mọ̀," ni wọ́n wí. "Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Bí mo bá mọ̀ ni, kí ni mo wá wá síbí?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ ojú olóògbé náà. Orogún rẹ̀ kékeré ni, òun ló tọ́ Ìyá àgbà dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, tó sì ti padà sọ́dọ̀ ẹbí tirẹ̀ ní Òkúkù látìgbà tí ọkọ ti kú. Ìyá Òkúkù ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti gbó gan-an. Ìyá àgbà ní a kò ní padà sílé, pé ọjọ́ náà gan-an ni a ó lọ, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀la. Bí a ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin nìyẹn, ìgbà àkọ́kọ́ mi.

Ojú fèrèsé ni mo wà títí a fi dé. Ọ̀dàn tí mo rò pé mo mọ̀ yí padà mọ́ mi lójú. Igi tó wà nítòsí ń sá lọ sẹ́yìn, èyí tó wà lọ́nà jíjìn ń bá wa lọ. Mo bèèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá àgbà. Iná ta jáde láti inú ẹ́ńjìnnì sínú koríko gbígbẹ, pápá bẹ̀rẹ̀ sí í jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àwọn àwòdì ń fò yí èéfín náà ká, wọ́n ń gbé tata tó ń sá fún iná. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò iná yẹn, síbẹ̀ mo ṣì ń rí i kedere ju ọjọ́ tí mo jókòó síwájú kámẹ́rà lọ, n kò sì mọ ohun tó fà á. Mo yíjú sí Ìyá àgbà kí n fi hàn wọ́n. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi di fọ́tò náà mú nínú ìborùn, wọn kò wo ìta rárá. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n.

A bá Ìyá Òkúkù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. A kúnlẹ̀. Wọ́n bèèrè àlàáfíà gbogbo ará ilé, títí kan àwọn tó ti kú tipẹ́, kí Ìyá àgbà tó na fọ́tò náà sí wọn láì sọ ohun tó jẹ́.

Ìyá Òkúkù gbé e sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ró kíjìpá ìyálé mi fún ọmọ yìí?"

"Ìyá, ẹ wo ojú rẹ̀," ni Ìyá àgbà wí. "Ṣé kò jọ wọ́n?"

"Kó jọ ta ni? Ìyálé mi? Rárá o. Aṣọ nìkan ni mo mọ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i ni ọmọ yìí ti gbé ojú tirẹ̀ wá."

Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti gba orúkọ mi lọ́wọ́ mi. Ìyá àgbà na ọwọ́ kí wọ́n gba fọ́tò náà padà. Ìyá Òkúkù ń wò wọ́n bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé.

"Ìwọ lo jọ wọ́n," ni wọ́n wí fún Ìyá àgbà. "Àbí o kò mọ̀ ni?"

Ìyá Òkúkù ti ẹ̀gúsí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Lọ́jọ́ tí a sin ọ́ lọ sílé ọkọ, tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ, ẹ̀yìnkùlé ni mo sá lọ, mo lọ sunkún. Ìyálé mi ni mo rí tó dúró síbẹ̀. Imú wọn, iwájú orí wọn, ẹnu wọn, kò sí èyí tí wọ́n mú lọ níbẹ̀."

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Mo rò pé o mọ̀ ni. Ṣé o kì í wo dígí ni?"

Ìyá àgbà gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ń fi ìka wá a kiri, níbi tó ti jìn wọlé, níbi tí ilà ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sínú awọ tó hun jọ. "Ó ti lọ," ni wọ́n wí. "Ojú wọn wà lọ́dọ̀ mi látìgbà yìí, mo sì ti lò ó gbó." Wọ́n wá sunkún. N kò tíì rí àgbàlagbà tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn mí, ó sì ń yà mí lẹ́nu: gbogbo Inísà ló ti rí ojú òkú yẹn, lọ́jà, lódò, lóko, àfi ẹni tó ń wá a.

N kò lè mú un mọ́ra. "Ìyá Òkúkù, ta wá ni èmi?"

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ìyálé mi kì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi. Bí wọ́n bá rí ihò nílẹ̀, wọ́n á bèèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Bí òjò bá rọ̀ ní òdìkejì odò tí kò rọ̀ lọ́dọ̀ wa, ilé kò ní gbà wá lọ́jọ́ náà. Má yọ ara rẹ lẹ́nu, ìwọ náà ni."

Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Kò tẹ́ Ìyá àgbà lọ́rùn, nítorí wọn kò lè fi ìbéèrè dá ẹnikẹ́ni mọ̀ láàárín èrò ọ̀run.

A sùn sí Òkúkù, a sì wọ ọkọ̀ padà sí Ìkìrun lọ́jọ́ kejì. Wọn kò sunkún mọ́. Wọ́n ń ro nǹkan. Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀, ilé onífọ́tò ni wọ́n gbà lọ tààrà.

"Wá ya èmi," ni wọ́n wí fún un. "Ṣùgbọ́n yọ ogbó kúrò níbẹ̀."

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa ń yọ ìrorẹ́ kúrò lójú àwọn ìyàwó, òun máa ń yọ àpá, òun sì ti yọ ogbó díẹ̀díẹ̀ kúrò lójú àwọn olóṣèlú, àmọ́ òun kò tíì yọ gbogbo rẹ̀ rí. Ó bèèrè ọjọ́ orí tí wọ́n ń fẹ́.

"Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ kan ṣoṣo," ni Ìyá àgbà wí.

Gèlè lè bo ewú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jìn wọlé ló kù. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí wọ́n fi òwú há a láti inú, nítorí mo ti ń fi iṣu ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Onífọ́tò wò mí, ó dìde, ó lọ wá òwú. Bí Ìyá àgbà ṣe jókòó ya fọ́tò nìyẹn, òwú kún ẹnu wọn, wọn kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fi ojú kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín.

A dúró sọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Ìkìrun títí iṣẹ́ náà fi parí. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ dúró ti onífọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé fíìmù sórí gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù rẹ̀ títí ó fi rí bí abẹ́rẹ́. Gbogbo nǹkan ló yí padà lára fíìmù yẹn: ojú dúdú di funfun, aṣọ funfun di dúdú, àwọn ìlà ogbó sì ń tàn yanran. Ó ń fi ẹnu pẹ́ńsù kàn wọ́n, tó-tó-tó, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, títí wọ́n fi dí. Mo bi í pé níbo ni ogbó náà ń lọ. Ó ní inú pẹ́ńsù ni.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ ọkùnrin yẹn wà nínú ojú náà. Èmi náà ti di arúgbó báyìí, fọ́tò náà wà lọ́dọ̀ mi, mo ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì lè búra pé bí olóògbé náà ṣe rí nìyẹn. Ìyá Òkúkù kò pẹ́ kú lẹ́yìn ìbẹ̀wò wa, kò wá sí ẹni tí a lè bi mọ́. Àmọ́ mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí onífọ́tò fà á lé Ìyá àgbà lọ́wọ́, mo sì rí ohun tí wọ́n ṣe.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, iwájú orí rẹ̀ ń dán. N kò mọ̀ ọ́n. Onífọ́tò ń bèèrè bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn kò gbọ́ ọ. Wọ́n gbé fọ́tò náà ti àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n sì kúnlẹ̀ síwájú ọ̀dọ́bìnrin tí àwọn fúnra wọn lè bí.

"Ẹ kú àtijọ́ o, ìyá mi."

Ó dà bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí wọn lọ́kàn, ohun tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí a fi ń rìn kiri. Wọ́n tú gèlè wọn kúrò, wọ́n na ojú wọn gan-an, ojú gbígbó, síwájú fọ́tò náà.

"Èmi ti mọ̀ yín wàyí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni ẹ fi sílẹ̀. Bí mo bá dé, ẹ má máa wá ọmọ ọwọ́ kiri o. Arúgbó yìí ni. Ẹ wò ó dáadáa. Arúgbó yìí ni ọmọ yín."